Mélòó Ló Ku

Ọkọ̀ náà kò rì sí òkun ńlá.
Inú ọ̀sà ló rì sí,
níbi tí apẹja ti lè dúró lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn
kí omi má kàn án létè.
Ìyẹn nìkan tó kéèyàn káwọ́ lérí.

Ní Àjàṣẹ́, bí o bá pẹ́ díẹ̀ létí omi,
ẹnì kan yóò sọ ọ́ fún ọ láìbéèrè:
pé Ìràwọ̀ ni wọ́n sọ ọkọ̀ eléèéfín náà,
pé lálẹ́ tó rì, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò.
Wọn a ní Sèwánú atukọ̀ ti sanwó,
ajá gbé bàtà òsì rẹ̀ sá lọ,
ó wá ajá títí ọkọ̀ fi fọn fèrè.
Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan náà, nínú oṣù kan náà,
wọ́n bá a nínú gọ́tà tí omi rẹ̀ kò bo kókósẹ̀.
Bàtà òsì kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Wọn a ní aago ilé ọ̀gá ọkọ̀
dúró ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gẹ́lẹ́ tó rì.
Mo bá ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀, arúgbó ni báyìí.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀:
"Aago wo? Láti Àjíǹde ni aago yẹn ti kú.
Bàbá mi kò ráyè tún un ṣe."

Ṣùgbọ́n ti ìwé ìṣirò, mo fojú mi rí i.
Feliṣiánà ló yọ ọ́ síta, nínú àpótí tó ń rùn káńfọ̀,
yíǹkì rẹ̀ ti di àwọ̀ tíì.
Ọdún méje ṣáájú kí ọkọ̀ tó rì,
olùkọ́ kan nílé-ìwé àwọn fadá kọ ọ́ sójú pátákó,
ẹ̀gbọ́n Feliṣiánà sì dà á kọ:
*Oko kan ko eniyan merinlelogorin. O ri.
Mokanlelogun we jade. Melo lo ku?*
Ìdáhùn: *metalelogota.*
Olùkọ́ fi yíǹkì pupa sàmì sí i. Ọmọ gbà á.
Ọ̀sà náà gbà á, kò fi ẹyọ kan lé e, kò fi ẹyọ kan dín in.

Òtútù mú mi lọ́sàn-án gangan.

Ó wá dàbí ẹni pé kí n máa kó wọn jọ,
bí ọmọdé tí ń ṣa ìkarahun,
títí mo fi dé Zẹ̀bù, ilé Ọláníkẹ̀ẹ́ aránṣọ.
Òun kò lá àlá kankan.
Bàtà rẹ̀ méjèèjì pé.
Ó tètè dé èbúté, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà,
ó gbé àpò àwọ̀ tí wọ́n ní kó bá wọn rán lé itan.
Kò sí ẹyẹ tó ké. Kò sí ẹni tó pè é padà.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fi omi wọ́n ilẹ̀, kò gbójú sókè:
"Ó wọkọ̀. Ó rì. Kí ni ẹ tún fẹ́ gbọ́?"

Èmi náà kò mọ̀.
Ẹni tí ajá gbé bàtà rẹ̀ ní ìtàn.
Aago tó ti kú tẹ́lẹ̀ ní ìtàn.
Àwọn tó tètè dé ńkọ́?

Mo padà sọ́dọ̀ Feliṣiánà, mo ṣí ìwé náà.
Olùkọ́ ayé àtijọ́ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀.
*Melo lo ku?*
Ṣé àwọn tó kú ló ń béèrè ni, àbí àwọn tó kù?
Iye kan náà ni, lápá ibi tó wù kó o wò ó sí.
Mo mú bírò, mo fẹ́ fi àmì kan ṣoṣo sórí lẹ́tà yẹn,
ọwọ́ mi dúró lófuurufú.

Feliṣiánà ní kí n jọ̀wọ́,
kí n má ba ìwé ẹ̀gbọ́n òun jẹ́.